Bí Ó Bá Lè Yí Àwọ̀ Padà, Oògùn Ni

(Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn tó ń ta ìpara, onídìrí, onígbàjámọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde)

Mo kí gbogbo ilé o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìpéjọ, ẹ kú ooru. Ẹ̀yin bàbá wa tí ẹ jókòó níwájú, mo júbà. Ẹ̀yin ìyálọ́jà wa láti Òkè-Ajé, ẹ̀yin onídìrí, ẹ̀yin onígbàjámọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń kunjú ìyàwó, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, àti ẹ̀yin ará Rẹ́mọ tí ẹ wọkọ̀ láti Ṣágámù àti Ìkẹ́nnẹ́ wá bá wa, ẹ káàbọ̀. A ó máa rí ara wa bá o.

Ọ̀rọ̀ ẹwà la fẹ́ sọ. Ṣé Ìjẹ̀bú ni kò ní mọ ẹwà? Ẹni tó bá ti wo Ojúde Ọba rí, tó rí bí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ń jáde lọ́jọ́ kẹta Iléyá, bí gèlè ṣe ń yọ, bí iyùn ṣe ń tàn lọ́rùn, kò ní bi wá pé kí ló dé tí a fi ń tọ́jú ara. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kéèyàn fẹ́ kí ara òun dán. N kò wá bá ẹnikẹ́ni jà torí pé ó para. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé wá, gbogbo ìyókù, àlàyé rẹ̀ ni: ohunkóhun tó bá lágbára tó láti yí àwọ̀ padà, láti bó awọ, láti dá iṣan dúró, oògùn ni. Oògùn ní ìwọ̀n. Oògùn ní iye ọjọ́. Oògùn ní ibi tí a ń fi í sí àti ibi tí a kì í fi í sí. Oògùn sì ní ẹni tí kò gbọ́dọ̀ lò ó. Ibi tí a bá ti gbàgbé ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, ibẹ̀ ni ẹwà ti ń di àìsàn.

Ká kọ́kọ́ mọ awọ ara wa

Nísàlẹ̀ ìpele awọ tí a ń fojú rí, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó ń pèsè mẹ́lánínì, èròjà tó ń fún ara ní àwọ̀ dúdú. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: iye sẹ́ẹ̀lì yìí lára òyìnbó àti lára tiwa kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni bí mẹ́lánínì náà ṣe pọ̀ tó, bí hóró rẹ̀ ṣe tóbi tó, àti bó ṣe tàn ká. Òun ló ń dá oòrùn dúró kó má baà wọlé jìnnà. Ìdí nìyẹn tí jẹjẹrẹ awọ ara fi wọ́pọ̀ láàárín òyìnbó jù wá lọ. Ìdí nìyẹn náà tí oòrùn fi ń fìyà jẹ àwọn àfín wa, tí mẹ́lánínì wọn kò tó.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn yìí ní ohun tó ń bá a rìn. Awọ dúdú tí a bá ṣe léṣe a máa dúdú sí i lójú ibẹ̀. Irorẹ́ lè lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí àmì rẹ̀ wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ẹni tó bá wá ń fi ipá bó àmì náà, ọgbẹ́ tuntun ló ń dá síbẹ̀, àmì tuntun ló sì ń pè. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Awọ ara wa, ẹ̀sọ̀ ló fẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú gbólóhùn yìí dání, torí a ó tún bá a pàdé lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, a ó bá a pàdé lọ́dọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ léésà.

Oògùn mẹ́ta tó wà nínú ìpara abóra

Ìtàn kan rèé. Ní 1939, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe awọ ẹran. Ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yìí ń funfun lábala lábala, níbi tí ìbọ̀wọ́ rọ́bà wọn bò. Wọ́n wádìí títí, wọ́n rí i pé èròjà kan tí wọ́n po mọ́ rọ́bà náà kó má baà tètè gbó ló ń pa àwọ̀ ara wọn. Monobenzone ló ń jẹ́, mọ̀lẹ́bí hydroquinone tó wà nínú ìpara abóra ni. Ẹ wá wò ó: ohun tó jẹ́ ìjàǹbá lára òṣìṣẹ́, àwọn dókítà sọ ọ́ di oògùn. Ẹni tí àrùn vitiligo bá ti jẹ àwọ̀ ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tó ku abala dúdú díẹ̀ díẹ̀, monobenzone ni wọ́n fi ń pa ìyókù rẹ́ kí ara lè dọ́gba. Àwọ̀ tó bá pa kì í sábà padà mọ́. Èròjà kan náà ló ba ti ẹnì kan jẹ́ tó tún ti ẹlòmíràn ṣe. Kí ló mú ìyàtọ̀ wá? Ẹni tó ń lò ó àti ìdí tó fi ń lò ó ni.

Hydroquinone fúnra rẹ̀, àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta náà, kò le tó yẹn. Dókítà a máa kọ ọ́ fún àwọn abala dúdú tó máa ń yọ lẹ́rẹ̀kẹ́ àti níwájú orí àwọn obìnrin, pàápàá nígbà oyún, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sọ pé oòrùn ló jó wọn. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 2% sí 4%. Orí àmì náà nìkan ni wọ́n ń fi í sí, wọn kì í fi pa gbogbo ara. Oṣù mẹ́ta ni, ó pẹ́ tán oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà a dá a dúró. Bí ìpara náà bá ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú nínú túùbù, afẹ́fẹ́ ti bà á jẹ́, ẹ dà á nù. NAFDAC kò fàyè gba kó ju 2% lọ nínú ìpara tí a ń tà lọ́jà, Gúúsù Áfíríkà sì ti fòfin de títà rẹ̀ nínú ìpara láti 1990.

Kí ló kó wọn láyà jẹ? Ẹni tó bá fi hydroquinone líle para fún ọdún mélòó kan nínú oòrùn, àwọ̀ eérú tó pọ̀ mọ́ búlúù lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ àti lábẹ́ ojú, pẹ̀lú àwọn hóró kéékèèké tó le lọ́wọ́. Ochronosis ni wọ́n ń pè é. Ibi tó ti burú ni pé ẹni tó bá rí dúdú náà yóò rò pé ìpara òun ni kò tíì tó, yóò tún fi kún un, dúdú náà yóò sì máa pọ̀ sí i. Kò sí ìpara tó ń mú un kúrò kíákíá. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin tí ẹ ń tà á: bí oníbàárà bá padà wá pé ojú òun ń dúdú sí i, ẹ má ta èyí tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ fún un. Ẹ ní kó jáwọ́.

Èkejì ni sitẹ́rọ́ídì, oògùn tó ń pa wíwú àti yíyún awọ. Clobetasol lorúkọ tí ẹ máa rí jù lára túùbù, 0.05%. Ẹ má fojú kékeré wo 0.05 yẹn, ó wà lára àwọn tó lágbára jù lọ nínú gbogbo sitẹ́rọ́ídì tí a fi ń para. Oògùn gidi ni fún ẹni tí ara ń yún débi pé awọ rẹ̀ ti nípọn, àti fún àrùn psoriasis, tó ń mú kí awọ nípọn kó sì máa ṣí ìpẹ́. Òfin lílò rẹ̀ kò le: kó má ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ léraléra, kó má ju gíráàmù 50 lọ lọ́sẹ̀ kan, kó má kan ojú, abíyá àti ojú ara. Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyí: ẹ tẹ ìpara sórí ìka ìfábẹ̀lá, láti ṣóńṣó rẹ̀ dé ojú oríkèé àkọ́kọ́. Ìyẹn tó ìdajì gíráàmù, ó sì tó pa ibi tó fẹ̀ tó ọwọ́ àgbàlagbà méjì, àtẹ́lẹwọ́ pẹ̀lú ìka.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò. Láti pa gbogbo ara àgbàlagbà lẹ́ẹ̀kan, ìpara gíráàmù 20 sí 30 ló ń lọ sí i. Ẹni tó bá ń pa á láàárọ̀ àti lálẹ́ yóò lo gíráàmù 280, ó kéré tán, lọ́sẹ̀ kan. Ẹni tó po ó fún un ti tẹ túùbù bíi mẹ́wàá sínú ike kan, ó da hydroquinone lé e, ó bu ìpara ọmọdé sí i kó lè rọ̀. Kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n. Ta ló mọ iye tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀?

Ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ pọ̀. Awọ á tín, iṣan ẹ̀jẹ̀ á máa hàn lẹ́rẹ̀kẹ́. Ìlà gbọọrọ gbọọrọ á là sí itan, sí abíyá, sí ọmú, kì í sì í parẹ́ mọ́. Irorẹ́ á bo ojú, irun á máa hù níbi tí kì í hù sí. Lápálápá tí sitẹ́rọ́ídì bá bò mọ́lẹ̀ kò ní yún mọ́, èèyàn á rò pé ó ti san, bẹ́ẹ̀ ló ń tàn lábẹ́lẹ̀. Bó bá ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ojú á wú roboto, ẹ̀jẹ̀ á ru, ṣúgà á gòkè. Bí iṣẹ́ abẹ bá sì dé, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó wà níbí mọ̀ ọ́n: awọ tó ti tín kì í di òwú mú dáadáa, ojú ọgbẹ́ kì í tètè jiná. Aboyún tó ti bóra fún ọdún púpọ̀ kò gbọ́dọ̀ fi pa mọ́ fún dókítà tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Ẹni tó bá fẹ́ jáwọ́ ńkọ́? Bó bá ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, kó má ṣe é lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ara á gbóná, á pọ́n, á máa yún fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ibẹ̀ ni púpọ̀ ti ń sá padà sídìí ike. Ó sì lè burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ara tó ti ń gba sitẹ́rọ́ídì láti ìta fún ìgbà pípẹ́ lè gbàgbé láti máa ṣe tirẹ̀, kí òòyì máa kọ́ olúwarẹ̀, kó máa bì, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kó lọ, kí wọ́n fún un ní èyí tó rọjú, kí wọ́n sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni mẹ́kúrì, èyí tí kò ní ọ̀nà àbáyọ kankan. Kò sí ìwọ̀n rẹ̀ tó yẹ nínú ìpara. Àdéhùn àgbáyé tí wọ́n fi orúkọ ìlú Minamata ní Japan pè, níbi tí mẹ́kúrì láti ilé-iṣẹ́ ti ba ẹja jẹ́ tó sì sọ àwọn tó jẹ ẹja náà di aláàbọ̀ ara, ni wọ́n fọwọ́ sí ní 2013. Nàìjíríà wà nínú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ní láti 2020, kò gbọ́dọ̀ sí ìpara tí mẹ́kúrì inú rẹ̀ ju mílígíráàmù 1 nínú kílógíráàmù 1 lọ; ní 2023 wọ́n mú òǹkà yẹn kúrò, wọ́n ní láti 2025, kò gbọ́dọ̀ sí ìpara kankan tí wọ́n po mẹ́kúrì mọ́. Kíndìnrín ni mẹ́kúrì ń bá jà jù. Ojú àti ẹsẹ̀ á máa wú, ìtọ̀ á máa hó. Kì í sì í mọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń lò ó: láti ọwọ́ ìyá ló ń dé ara ọmọ, láti ara táwẹ́ẹ̀lì àti ìrọ̀rí.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n? Ẹ ka ẹ̀yìn ike. Bí ẹ bá rí mercurous chloride, calomel, mercuric, mercurio tàbí Hg, mẹ́kúrì ni gbogbo wọn. Bí ìkìlọ̀ bá wà níbẹ̀ pé kó má fara kan góòlù tàbí fàdákà, ẹ sá fún un. Ẹ̀yin tí góòlù kún ọrùn yín lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ẹ bi ara yín: ohun tí yóò ba góòlù jẹ́, kí ni yóò fi awọ ara ṣe? Bí kò bá sì sí ohunkóhun lẹ́yìn ike náà, tí kò sí orúkọ, tí kò sí nọ́ńbà NAFDAC, ìyẹn gan-an ló burú jù.

Ẹ má jẹ́ kí ọdún tó ń bọ̀ kó yín sí wàhálà. Ìpara tó ní òun á yí ara padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì kí Iléyá tó dé, sitẹ́rọ́ídì tàbí mẹ́kúrì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ó wà nínú rẹ̀, torí kò sí ohun rere kan tó ń yára tó bẹ́ẹ̀. Oríkèé ìka kì í sì í gbọ́ràn bí ojú. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ ìgboro fi ń pe àwọn kan ní ojú Fáńtà, ẹsẹ̀ Kóòkì.

Kí wá ni kí ẹni tí àmì wà lójú rẹ̀ ṣe?

Oòrùn ni kó kọ́kọ́ sé mọ́, torí oògùn tó ń pa àmì rẹ́ lálẹ́, bí oòrùn bá tún un kọ lọ́sàn-án, asán ni. Ìpara ìdáàbòbò oòrùn tó ní SPF 30 ó kéré tán ni kó lò. Kó fà á gbọọrọ sórí ìka méjì, ìyẹn ló tó ojú àti ọrùn. Ọ̀pọ̀ ń fi díẹ̀ ṣoṣo tọ́ ojú, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́. Kó tún un fi lẹ́yìn wákàtí méjì méjì bó bá wà níta. Èyí tó ní àwọ̀, tí wọ́n fi iron oxide sí, ló dára jù fún àwa tí àmì ń tètè dúdú lójú wa, torí ó ń dá ìmọ́lẹ̀ tí a ń fojú rí dúró pẹ̀lú. Fún àfín, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà rárá. Láti kékeré ni kí ìyá ọmọ ti bẹ̀rẹ̀: fìlà tó fẹ̀ létí, aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, ìpara yìí. Bí egbò kan bá sì kọ̀ tí kò jiná lára àfín fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ gbé e lọ fún dókítà.

Lẹ́yìn oòrùn ni ìpara azelaic acid, 15% tàbí 20%, tí aboyún pàápàá lè lò. Ìpara tretinoin 0.025% náà wà: èyí tó tó hóró ẹ̀wà kan ló tó gbogbo ojú, lálẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ná kí ojú lè mọ̀ ọ́n. Aboyún kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Oṣù méjì sí mẹ́ta ni a ń wò kí a tó sọ pé ó jẹ́ tàbí kò jẹ́. Òrí wa ńkọ́? Òrí kì í bóra, kì í sì í pa àmì rẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń pa omi ara mọ́. Ẹ fi í para nígbà tí ara ṣì tutù láti inú balùwẹ̀. Ara gbígbẹ ló ń mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àwọ̀ àwọn ló burú.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, ohun ìṣaralóge ilé náà ní tirẹ̀. Tìróò, òjé wà nínú púpọ̀ rẹ̀. Àgbà tó fi lé ojú lọ́jọ́ ọdún, ìyẹn dára díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́, ẹ má lé e fún un: òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Làálì gidi, àwọ̀ ọsàn tàbí pupa ló ń mú wá. Làálì dúdú kirikiri tó mú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n ti po èròjà inú dáì irun mọ́ ọn. PPD ni wọ́n ń pè é. Ọwọ́ ìyàwó lè ta léròrò lẹ́yìn ọjọ́ méjì, láti ìgbà náà lọ, ara rẹ̀ lè má gba dáì irun mọ́ láéláé.

Ẹ̀yin onígbàjámọ̀, ọ̀rọ̀ yín nìyí

Irun wa ká kóró. Bí abẹ́ bá gé e sísàlẹ̀ jù, ẹnu rẹ̀ tó mú á yí padà wọ inú awọ, ibẹ̀ á wú, á kún fún ọyún. Ìdí nìyẹn tí irùngbọ̀n ọ̀pọ̀ ọkùnrin fi ń di kókó. Ẹ fi irun tó mìlímítà kan sílẹ̀. Ẹ gé e síbi tí irun kọjú sí, ẹ má fa awọ na. Ẹni tí kókó bá ti ń hù sí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ẹ má gé ibẹ̀ kodoro mọ́, bó ti wù kó bẹ̀ yín tó.

Ohun èlò ńkọ́? Kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B lè wà láàyè lórí irin fún ọjọ́ méje, ó kéré tán. Fífi búrọ́ọ̀ṣì gbọn irun kúrò kò tó. Ẹ gbọn ọ́n, ẹ fọ ọ́, lẹ́yìn náà ẹ rẹ ojú kílípà sínú bílíìṣì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bó bá jẹ́ 3.5% ni wọ́n kọ sára ike bílíìṣì náà, ife kan sí ife omi mẹ́fà. Ẹ fi omi ṣàn án, ẹ nù ún gbẹ, ẹ kán epo sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bílíìṣì á jẹ irin náà. Omi yìí kì í ṣe ti ọjọ́ kejì o, ojúmọ́ lẹ ń po tuntun.

Àpá tó ń hù kọjá ojú ọgbẹ́ rẹ̀, kélọ́ìdì, òun náà wọ́pọ̀ láàárín wa. Etí, àyà, èjìká, àgbọ̀n ló fẹ́ràn jù. Bí wọ́n bá kàn gé e lásán, ó máa ń sábà padà, ó sì lè tóbi ju ti tẹ́lẹ̀. Ohun tí a ń ṣe ni kí a gún triamcinolone, sitẹ́rọ́ídì kan, sínú àpá náà gan-an, mílígíráàmù 10 sí 40 nínú mìlílítà kan, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà síra wọn, títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì relẹ̀. Bí a bá gé e, a óò fi abẹ́rẹ́ yìí tì í lẹ́yìn, tàbí yẹtí tó ń fún etí mọ́ra, tàbí ìtànṣán. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àwọn tó lu etí lẹ́yìn ọmọ ọdún 11 ló ń ní kélọ́ìdì ju àwọn tó lu tiwọn ṣáájú rẹ̀ lọ. Ẹ ò rí i pé àwọn ìyá wa tó ń lu etí ọmọbìnrin láti ọmọ ọwọ́ kò ṣìnà. Ìdílé tí kélọ́ìdì bá wà, kí ọmọ wọn tó ti dàgbà má lọ lu ihò kejì àti ìkẹta.

Májèlé tó di abẹ́rẹ́

Nísinsìnyí tí àwọn ọmọ wa láti Èkó àti láti òkè òkun ń sọ̀rọ̀ Botox, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń pa ìlà ojú rẹ́, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó jẹ́. Kòkòrò kan wà tó ń hù nínú oúnjẹ tí wọ́n dé mọ́ inú agolo tàbí ìfun ẹran láìjinná. Dókítà Justinus Kerner ní Jámánì ló kọ nípa ikú tó ń tẹ̀yìn sọ́séèjì tó bàjẹ́ yọ ní àwọn ọdún 1820. Oró kòkòrò yìí, tí wọ́n fi ń ṣe Botox, wà lára àwọn tó le jù lọ láyé: ó ń dí ọ̀nà tí iṣan fi ń gbọ́ àṣẹ ọpọlọ, iṣan á sì dákẹ́, títí kan èyí tí a fi ń mí.

Alan Scott, dókítà ojú ní San Francisco, ló ro èrò mìíràn: bí a bá mú kín-ń-kín rẹ̀, ṣé kò ní rọ iṣan ojú tó le jù, lára àwọn tí ẹyinjú wọn kò wo ibì kan náà? Ó ṣiṣẹ́. Ní 1989, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún àìsàn ojú. Dókítà ojú kan ní Kánádà, Jean Carruthers, ń fi tọ́jú àwọn tí ìpéǹpéjú wọn ń ṣẹ́ láìdá, aláìsàn kan sì sọ fún un pé ojú òun máa ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà, ìfàro iwájú orí á lọ. Alastair ọkọ rẹ̀, dókítà awọ ara ni. Àwọn méjèèjì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1992. Ọdún 2002 ni Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí i fún ẹwà. Nítorí náà, ìwòsàn ló ṣáájú, ẹwà ló tẹ̀lé e.

Ìwọ̀n rẹ̀ ńkọ́? Fún ìlà àárín ojú méjèèjì, yúnítì 20, ní ojú abẹ́rẹ́ márùn-ún. Ó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ń dé góńgó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì ń lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Fún ẹ̀fọ́rí túúlu tó ń dé lọ́pọ̀ ọjọ́ láàárín oṣù, yúnítì 155 ní ojú abẹ́rẹ́ 31, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12 síra. Fún òógùn abíyá tí kò gbọ́ oògùn, 50 sí abíyá kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wù mí jù ni ti ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù, tí ọwọ́ rẹ̀ di ẹ̀ṣẹ́ tí kò ṣeé là, tí èékánná ń wọ àtẹ́lẹwọ́. Abẹ́rẹ́ yìí a máa tú ọwọ́ náà kí wọ́n lè wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì máa nà án.

Níbo ló ti ń bàjẹ́? Yúnítì ilé-iṣẹ́ kan kì í ṣe ti ìkejì: ti Dysport, nǹkan bíi méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta ló ń ṣe iṣẹ́ ọ̀kan ti Botox. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè fún èèyàn ní ìlọ́po mẹ́ta. Firíìjì ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní ìlú tí iná ń lọ tó ń bọ̀, ẹ bi wọ́n pé jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà wọn dà. Bó bá ṣàn kúrò níbi tí wọ́n gún, ìpéǹpéjú á ṣubú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nítorí náà, ẹ má fọwọ́ ra ibẹ̀, ẹ má dùbúlẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin. Aboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, àti ẹni tó ní àrùn àìlágbára iṣan kò gbọ́dọ̀ gbà á.

Èyí tí wọ́n fi ń kún ètè àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, fíílà, ọ̀tọ̀ ni. Bó bá ṣèèṣì wọ iṣan ẹ̀jẹ̀, awọ lè kú, ojú sì lè fọ́. Kí wọ́n tó gún yín, ẹ bèèrè hyaluronidase tó ń tú u. Bí kò bá sí nílẹ̀, ẹ dìde.

Ìtànṣán, àsíìdì àti ọ̀bẹ

Ẹ̀rọ léésà, tí wọ́n ń fi ìtànṣán rẹ̀ yọ irun, ń wá àwọ̀ dúdú kiri ni. Lára òyìnbó, gbòǹgbò irun nìkan ló dúdú, ìtànṣán á sì lọ síbẹ̀ tààrà. Lára wa, awọ náà dúdú, ìtànṣán á sì jó o. Èyí tó bá wa mu jù fún irun ni Nd:YAG, tí ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nánómítà 1064, torí ó ń kọjá awọ lọ sísàlẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n dán an wò níbi kékeré kan, kí ẹ lọ sílé, kí ẹ padà lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ti àsíìdì tí wọ́n fi ń bó ojú náà kò yàtọ̀: salicylic acid 20% sí 30% lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn tí a ti dá tretinoin dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, ìyẹn ṣeé ṣe lára wa. Òróró abóra inú ìgò tí kò lórúkọ, tó ń ṣí awọ bọ́ọ̀rọ̀bọ́ọ̀rọ̀, iná lásán ni.

Ọ̀bẹ ńkọ́? Inú ogun ni iṣẹ́ abẹ ẹwà òde òní ti gbòòrò. Ní 1917, Harold Gillies, ọmọ New Zealand, ń tún ojú àwọn ọmọ ogun tí ìbọn ti fọ́ lẹ́nu ṣe ní ilé ìwòsàn kan ní Sidcup, ní England. Awọ láti àyà ló ń fi ṣe imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ tuntun. Iṣẹ́ kan náà ló ń ran ọmọ tí ètè rẹ̀ là lọ́wọ́ lónìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ketekete: ètè ọmọ ń dàpọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkeje oyún, bí kò bá dàpọ̀, kì í ṣe iṣẹ́ ayé, kì í ṣe ọ̀bẹ tí ìyá rẹ̀ dì mú. Wọ́n ń rán ètè náà nígbà tí ọmọ bá tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta, òkè ẹnu náà ṣáájú ọdún kan ààbọ̀ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè já gaara. Àjọ bíi Smile Train ń san owó irú iṣẹ́ abẹ yìí ní Nàìjíríà. Ẹ má fi ọmọ pa mọ́ sílé. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà nítòsí yín, ti OOU ní Ṣágámù tàbí ti Babcock ní Ìlíṣàn, ẹ bèèrè.

Fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ronú pé kí wọ́n fa ọ̀rá ikùn sí ìdí: bí ọ̀rá náà bá wọ inú iṣan ìdí, ó lè bá ẹ̀jẹ̀ lọ dí ẹ̀dọ̀fóró, kí èèyàn kú lórí tábìlì. Ní 2018, ẹgbẹ́ àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ ẹwà ní àgbáyé kìlọ̀ pé abẹ́ awọ nìkan ni kí wọ́n gún un sí, wọn kò gbọ́dọ̀ wọ inú iṣan. Bí ẹni tó fẹ́ ṣe é kò bá lè sọ èyí fún yín fúnra rẹ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ ti máa ṣe é.

Mo rí i pé púpọ̀ nínú yín kó ìpara wá gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ṣèlérí. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbé tábìlì méjì sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ẹ tò wọ́n síbẹ̀, kí ojú tí wọ́n kọ̀wé sí wà lókè, èyí tí kò ní ìwé kankan kó wà lọ́tọ̀. Ẹni tó bá ní gíláàsì ìkàwé kó fi í sójú, torí lẹ́tà wọn kéré. A ó bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ òsì, a ó máa wá hydroquinone, clobetasol àti calomel.